Ẹ̀jẹ́ Alága Lórí Ẹ̀rọ Ìsáré

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún díẹ̀ lórí àga yín, nítorí ọkùnrin tí ó fẹ́ wọ inú ìtàn yìí gba àyè. Orúkọ rẹ̀ ni Alhaji Àbdùlkàdírì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pè é bẹ́ẹ̀ lásán ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Fate, nílùú Ìlọrin, kí olúwarẹ̀ yáa di ẹrù rẹ̀, nítorí wọn yóò gbé e lọ ṣiṣẹ́ ní ìgbèríko. Alhaji Dókítà Àbdùlkàdírì ni kí ẹ pè é, Alága Àjọ Ìlera Òṣìṣẹ́, Ìmọ́lẹ̀ Àdúgbò Basin, Igi Ńlá Tí Ẹyẹ Ń Sùn Sí. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó fi oyè dókítà dá a lọ́lá, kò sẹ́ni tó mọ ìlú tí ó wà, òun náà kò sì fẹ́ràn kí wọ́n máa béèrè. Orúkọ Igi Ńlá yẹn, òṣìṣẹ́ kan tí ó ń wá ìgbéga ló fi kì í lọ́jọ́ kan, ó sì rí ìgbéga náà gbà.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ Alhaji lọ́kàn. Kì í ṣe alága gan-an. Adelé ni. Láti ìgbà tí alága àtijọ́ ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ti ní kí ó máa bá wọn mójú tó àga náà, ọ̀rọ̀ adelé yìí sì ń gún un bí òkúta inú bàtà. Ó ti ní kí wọ́n fi ọ̀dà pa á rẹ́ lára pátákó ẹnu ọ̀nà. Ó kù kí ìjọba pa á rẹ́ nínú ìwé. Wọ́n ti sọ fún un pé ìgbìmọ̀ kan ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ohun tí ìgbìmọ̀ náà bá sì rí ni yóò sọ bóyá yóò jókòó pa tàbí yóò dìde fún ẹlòmíràn. Alhaji kò fẹ́ dìde. Ìdìde gan-an ti ń ni ín lára.

Nítorí Alhaji sanra. N kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o; ara ńlá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bàbá tèmi náà kì í ṣe ènìyàn tín-ín-rín. Ṣùgbọ́n dókítà gidi, èyí tí ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa àìsàn, ti wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó mi orí, ó ní, "Alhaji, ẹ dín oúnjẹ kù, ẹ máa rìn, kí ara yín lè fúyẹ́." Ẹlòmíràn ì bá lọ sílé kí ó máa rìn. Alhaji lọ sí ọ́fíìsì, ó sọ ọ́ di ètò ìjọba. Owó tí wọ́n fẹ́ fi ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sí klíníìkì òṣìṣẹ́, ó fi ra àwọn ẹ̀rọ ìsáré, irú èyí tí rọ́bà ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn, tí èèyàn yóò máa sáré láìkúrò lójú kan, tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní tírẹ́dímìlì. Ó kó wọn sí gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀, ó na ríbọ́ọ̀nù dí ẹnu ọ̀nà, ó sì pe ìlú.

Lọ́jọ́ ìṣílé náà, àga kò tó. Toyyib, olùrànlọ́wọ́ pàtàkì fún Alága, ló di makirofóònù mú. Ẹ fojú sí Toyyib yìí dáadáa. Aṣọ rẹ̀ a máa bá ti Alhaji mu láwọ̀, ẹ̀rín rẹ̀ a sì máa dé kí àwàdà Alhaji tó dé.

"Ẹ̀yin èèyàn iyì," ni Toyyib wí, "kí Alága tó dé orí àléfà, ǹjẹ́ àwa òṣìṣẹ́ mọ̀ pé a ní ẹsẹ̀? A ò mọ̀. Alága ló wá fi ẹsẹ̀ wa hàn wá."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Alhaji tẹ orí ba bí ẹni tí ìyìn ń tì lójú, ó dúró kí àtẹ́wọ́ náà tán, nígbà tí ó rí i pé ó fẹ́ tètè tán, ó tún tẹ orí ba lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ó dìde.

"Ní àkókò yìí tí ayé ń lọ síwájú," ni ó wí, "tí ó sì tún ń padà sẹ́yìn nígbà mìíràn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò dúró lójú kan tí yóò máa sáré. Mo ti wo ọ̀tún, mo ti wo òsì. Èmi ni ẹni náà."

Kí ìran tó ń bọ̀ lè mọ ibi tí òun ti bẹ̀rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé òṣùwọ̀n klíníìkì wá, ó sì gùn ún lójú gbogbo èèyàn. Màdámù Ìyábọ̀dé, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ka ohun tí abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n ń tọ́ka sí. Màdámù yìí kì í rẹ́rìn-ín bí ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín kò bá sí níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìgbéga rẹ̀ fi ń pẹ́.

"Kílò méjìdínlọ́gọ́fà, sà."

"Ẹ gbọ́ ọ," ni Alhaji wí. "Ẹ rántí rẹ̀."

Ó bọ́ sórí ẹ̀rọ. Kí ẹ̀rọ náà tó gbéra, ó máa ń béèrè ìwọ̀n ẹni tó fẹ́ gùn ún, Toyyib ló sì wà nídìí bọ́tìnnì. Toyyib wo méjìdínlọ́gọ́fà, ó rí i pé ó kéré sí ipò Alága. Ta ni yóò fi nọ́ńbà kékeré pe ọ̀gá rẹ̀? Ó tẹ bọ́tìnnì náà lọ sókè títí ẹ̀rọ fi kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò lè lọ mọ́, ó fi dúró ní igba kílò. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rọ yẹn gbà tọkàntọkàn pé ọmọ màlúù ló ń sáré lórí òun, bẹ́ẹ̀ ló sì ń bá a ṣe ìṣirò rẹ̀.

Ẹ wá wo ìsáré. Alhaji fi ọwọ́ méjèèjì di irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ mú, ó gbé gbogbo ara lé apá, rọ́bà ń kọjá lọ lábẹ́ bàtà rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹnì kan ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i. Ẹnì kan ń nu òógùn tí kò tíì yọ. Nígbà tí ó sọ̀ kalẹ̀, iná pupa tó wà níwájú ẹ̀rọ kọ ẹgbẹ̀rin kálórì.

"Kí ló ń jẹ́ kálórì?" ni ìyá àgbà kan béèrè láti ẹ̀yìn.

"Ọ̀rá ni, Ìyá," ni Toyyib dáhùn. "Ọ̀rá tó ti jóná lára Alága. Ọlá ni kò jẹ́ kí ẹ rí èéfín rẹ̀."

Ibi tí ìyìn ti máa ń gun èèyàn nìyí. Alhaji wo ẹgbẹ̀rin náà, ó wo ojú àwọn èèyàn, ọkàn rẹ̀ gbà pé òun ti ń di ẹni mìíràn. Ó gba makirofóònù lọ́wọ́ Toyyib.

"Ẹran ara tí mo bá sọ nù lórí ẹ̀rọ yìí," ni ó wí, "kílò fún kílò, ìrẹsì tó bá wọ̀n tó o ni n ó fi ṣe sàárà fún àwọn aláìní ní ọjà Ìpàta. Mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ rẹ̀ níwájú Ọlọ́run Allah àti níwájú ẹ̀yin ọlọ́lá."

Àáfà Abdulmuiz, tí wọ́n pè wá ṣe àdúà, gbé ojú sókè. "Alhaji, ẹ̀jẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán o. Bí èèyàn bá ṣe jẹ́ ẹ gẹ́lẹ́ ni yóò ṣe san án."

"Gẹ́lẹ́ náà ni, Àáfà. Ẹ ṣe fàtíhà."

Wọ́n ṣe fàtíhà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé fàtíhà yìí. Alhaji gbàgbé rẹ̀ kí ó tó dé ìdí mọ́tò.

Ohun tí Alhaji wá fẹ́ràn jù nínú ẹ̀rọ náà ni pé ó ń fún un láṣẹ oúnjẹ. Toyyib ti wò ó lórí fóònù pé wàrà ní iye kálórì tirẹ̀, ìyán ní tirẹ̀, sùyà ní tirẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá sọ pé ẹgbẹ̀rin ti jóná, a jẹ́ pé wàrà ẹgbẹ̀rin kálórì lè wọlé láìfi ipa sílẹ̀ lára. Ládi, obìnrin Fúlàní tó ń kiri wàrà lẹ́nu géètì ọ́fíìsì, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé igbá tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ wá, ó sì ń fi Alhaji sínú àdúà ní gbogbo àárọ̀.

Nílé rẹ̀ ní Basin, ìyàwó rẹ̀, Hàlímọ̀tù, ń wo àwo wàrà díndín níwájú rẹ̀.

"Bàbá Kamilah," ni ó wí, "tẹ́lẹ̀, ẹ kì í jẹ tó báyìí."

"Tẹ́lẹ̀, mi ò ní ẹ̀rọ."

"Ẹ̀rọ yẹn ń jẹ́ kí ẹ máa jẹun ju bí ẹ ṣe ń jẹ tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀rù ń bà mí, Alhaji. Bí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn, inú yàrá ni mo ti máa ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń mí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n wá máa pè mí ní opó alága."

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni obìnrin yìí sọ. Bí Alhaji bá jẹ́ ọkọ lásán, ì bá gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sídìí àwo yẹn, Ìmọ́lẹ̀ Àdúgbò ni.

"Hàlímọ̀tù, ohun tó bá ti jẹ mọ́ sáyẹ́ǹsì, fi í sílẹ̀ fún àwa dókítà," ni ó wí, ó sì fa ọbẹ̀ mọ́ra.

Láìpẹ́, aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í há. Alhaji pààrọ̀ afọṣọ, ó ní ó ń fi omi gbígbóná sún aṣọ òun kì. Afọṣọ tuntun dé, ṣòkòtò tún há. Ó ní kí wọ́n pààrọ̀ ọṣẹ. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ó yọ́ wọ klíníìkì, ó ti ìlẹ̀kùn, ó gun òṣùwọ̀n. Abẹ́rẹ́ kọjá méjìdínlọ́gọ́fà, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ òsì ṣáájú gùn ún. Abẹ́rẹ́ kò yí ohùn padà. Ó jáde, ó ránṣẹ́ pe Màdámù Ìyábọ̀dé.

"Ẹ kọ kúérì fún òṣùwọ̀n yẹn."

"Fún ta ni, sà?"

"Òṣùwọ̀n klíníìkì. Ó ń ta ko ètò ìjọba."

"Sà, òṣùwọ̀n ò lè fèsì kúérì."

"Ìtàpá sáṣẹ nìyẹn. Tó bá ti kọ̀ tí ò fèsì, ẹ gbé e lọ sí ìgbèríko."

Báyìí ni wọ́n ṣe gbé òṣùwọ̀n tí kò ṣẹ èèyàn lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Ìlọrin, níbi tí Àjọ Ìlera ní yàrá kan tí kò sí nọ́ọ̀sì nínú rẹ̀. Àlàó, àgbà àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀, gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó ṣàdúà fún ìjọba tó rántí wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọn ewúrẹ́ àti ẹ̀pà. Kò sẹ́ni tó bá òṣùwọ̀n jà níbẹ̀, nítorí ewúrẹ́ kò joyè.

Ní Fate, àṣẹ tuntun ti jáde. Òṣìṣẹ́ tí ẹ̀rọ kò bá kọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kálórì fún kò ní rí ìsinmi gbà. Ọ̀sẹ̀ kìíní, àwọn èèyàn làágùn. Akọ̀wé ń sáré, awakọ̀ ń sáré, àgbà tó ku díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì ń sáré pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Àfi ìgbà tí ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀ kí ó gbé fóònù, tí ó gbàgbé rọ́bà tí ń yí. Nígbà tí ó padà dé, nọ́ńbà ti lọ sókè. Kò pariwo. Ó kàn sọ fún ẹni tó sún mọ́ ọn. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kejì, bí ẹ bá wọ gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ nìkan ni ẹ ó bá tí ń sáré. Àwọn òṣìṣẹ́ ti tẹ́ ẹní sílẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, kálórì ń jó. Kò sí iléeṣẹ́ ìjọba tí ara àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ le tó ti Alhaji, bí a bá fi ti ẹ̀rọ ṣe.

Màdámù Ìyábọ̀dé nìkan ni kò lè bá wọn jókòó lórí ẹní. Orúnkún ń dùn ún, kò lè sáré. Irọ́ pípa sì ń tì í lójú. Bẹ́ẹ̀, ó nílò ìsinmi ju gbogbo wọn lọ. Ìbùkún, ọmọ rẹ̀, ti bímọ ní Ọ̀mù-Àrán, ọmọ àkọ́bí, kò sì sí ìyá àgbà níbẹ̀ tí yóò wẹ̀ ẹ́. Ó gun òkè lọ bá Alhaji.

"Sà, ẹ̀rọ yẹn ò mọ ẹni tó wà lórí rẹ̀. Rọ́bà ló ń kà. Mo dúró níwájú rẹ̀ láàárọ̀ yìí, kò sí ẹnì kankan lórí rẹ̀, ó sì jó ọ̀ọ́dúnrún kálórì."

"Ta ló jó o?"

"Kò sẹ́ni tó jó o, sà."

Alhaji ń fi ìka lu tábìlì. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa máa ń bẹ̀rù ìka yìí, nítorí ọgbọ́n ló ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó fi hàn pé ẹ̀rọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ," ni ó wí. "Ọ̀gá ò sí níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́, Màdámù?"

"Orúnkún mi ni, sà. Ọmọ mi sì bímọ. Ẹlòmíràn ló ń bá mi wẹ ọmọ ọmọ mi, ó ń dùn mí."

"Orúnkún kan ò lè dá ìlọsíwájú dúró. Ẹ sáré lórí ẹ̀rọ, ẹ ó dé Ọ̀mù-Àrán."

Màdámù wò ó, ó ní, "Ẹ ṣé, sà," ó jáde. Inú bí i gan-an. Inú bí èmi náà tí mò ń sọ ọ́.

Ìròyìn wá dé pé ìgbìmọ̀ ìjọba ti fẹ́ dé, àti pé Alhaja Ràúdátù ni olórí wọn, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ títí ẹni tí ń bá a sọ̀rọ̀ yóò fi sọ tinú rẹ̀ tán. Alhaji ní irú àyè báyìí ni òun ń wá. Ó ní kí Toyyib ro gbogbo kálórì tí òun ti jó pọ̀, kí ó sọ wọ́n di kílò, kí òun lè san ẹ̀jẹ́ ìrẹsì náà ní Ìpàta lójú ìgbìmọ̀. Toyyib rò ó, ó tún un rò, ó rẹ́rìn-ín.

"Sà, ẹ ti sọ àádọ́ta kílò nù. Àpò ìrẹsì kan gbáko ló ti kúrò lára yín."

Alhaji lọ síwájú dígí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá ibi tí àpò ìrẹsì kan ti kúrò.

"Dígí yìí ti gbó, sà," ni Toyyib wí kíákíá.

"Èmi náà rí i bẹ́ẹ̀," ni Alhaji wí.

Lọ́jọ́ sàárà, Ìpàta kún dẹ́nu. Wọ́n ti ta ìbòòrùn kan sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta ọkà bàbà, wọ́n gbé àpò ìrẹsì kan síwájú, wọ́n ya àwòrán Alhaji sí i lára, àwòrán ìgbà tí ó wà lọ́dọ̀ọ́. Alhaja Ràúdátù àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ jókòó sábẹ́ ìbòòrùn. Àáfà Abdulmuiz wà níbẹ̀. Àwọn aláìní tò, àwọn tí kì í ṣe aláìní náà tò, torí ìrẹsì ni. Alhaji dìde nínú agbádá funfun, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó gbìyànjú kí ó tó dìde tán.

"Ẹ̀yin aláìní mi," ni ó wí, "ẹ wò mí dáadáa. Ohun tó kù níwájú yín yìí kì í ṣe gbogbo mi mọ́."

Wọ́n wò ó. Wọ́n fara balẹ̀ wò ó. Ìyá kan tó ń ta ọkà bàbà lórí bẹ́ǹṣì nítòsí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Alhaji, èyí tó lọ yẹn, ó jọ pé ó ti padà dé o."

Ọjà rẹ́rìn-ín. Alhaja Ràúdátù kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo Alhaji. Àáfà gbọ́ ẹ̀rín náà, ó dìde, ó rò pé òun fẹ́ gbèjà Alhaji.

"Alhaji, kí wọ́n tó pín in, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí. Ẹ̀jẹ́ ni. Kílò fún kílò lẹ wí, a sì ṣe fàtíhà lé e. Ẹ jẹ́ ká wọ̀n yín, kí àwọn aláìní má baà wá pè yín lẹ́jọ́ lọ́run pé ẹ rẹ́ àwọn jẹ."

Bí Alhaji bá sọ ní àkókò yìí pé kò pọn dandan, kí wọ́n máa pín in, ìtàn mi ì bá parí síbí, òun náà ì bá sì di alága. Ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí gba ẹ̀rọ gbọ́. Gbogbo èèyàn tó yí i ká ló mọ̀ pé irọ́ ni, Toyyib tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ̀, afọṣọ mọ̀, Ládi oníwàrà mọ̀. Òun nìkan tí wọ́n ń pa á fún ni kò mọ̀. Ó rò pé òṣùwọ̀n tó yan òun jẹ ní klíníìkì nìkan ló bàjẹ́, àti pé òmíràn yóò dá òun láre lójú Alhaja Ràúdátù.

"Ẹ gbé òṣùwọ̀n wá," ni ó wí.

Àwọn ọlọ́jà wojú ara wọn. Kóńgò ni wọ́n fi ń wọn nǹkan níbẹ̀, a kì í sì í fi kóńgò wọn alága. Níbi tí wọ́n ti ń rò ó ni ohùn kan ti dáhùn láti ibi tí wọ́n so ewúrẹ́ mọ́. Àlàó ni, tí òun àti àwọn ará abúlé rẹ̀ kó ẹran wá tà.

"A ní ọ̀kan nínú ọkọ̀," ni ó wí. "Ìjọba ló fún wa. Ọlọ́run á máa bá wa dá wọn sí."

Wọ́n gbé e wá. Irun ewúrẹ́ wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ Àjọ Ìlera Òṣìṣẹ́ ṣì hàn kedere lára irin rẹ̀. Alhaji mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n gbogbo Ìpàta ti ń wò, a kì í sì í sá fún ohun tí a fúnra ẹni ránṣẹ́ pè. Ó gùn ún.

Alhaja Ràúdátù dìde fúnra rẹ̀ wá wo abẹ́rẹ́. "Mẹ́tàléláàádóje," ni ó wí.

"Méjìdínlọ́gọ́fà ló bẹ̀rẹ̀," ni Màdámù Ìyábọ̀dé wí láti ẹ̀yìn, jẹ́jẹ́.

"Agbádá ni," ni Toyyib wí. "Agbádá yìí wúwo."

Wọ́n bọ́ agbádá. Wọ́n ṣí fìlà. Bàtà tẹ̀lé e, aago ọwọ́ tẹ̀lé e, wọ́n bọ́ bùbá, wọ́n já àmì oyè tó wà lọ́rùn rẹ̀. Alhaji dúró láàárín Ìpàta nínú síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò tí okùn rẹ̀ kò fẹ́ dé ara wọn mọ́. Abẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ó dé àádóje, ó dúró síbẹ̀. Toyyib fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bá ara rẹ̀ lẹ́yìn ìgbìmọ̀. Aṣọ rẹ̀ ṣì bá ti Alhaji mu, àmọ́ Alhaji kò wọ aṣọ mọ́.

Àáfà fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ohun tó bá dín ni ẹ̀jẹ́ náà dá lé," ni ó wí. "Kò dín. Ó lé, kílò méjìlá."

Ìyá oníbàbà dìde lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. "Àáfà, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Kílò fún kílò ni wọ́n wí. Tó bá dín, àwọn á fún wa. Tó bá wá lé ńkọ́? Ṣé kì í ṣe àwa ló kàn?"

Àáfà fẹ́ dáhùn, ẹ̀rín dí i lẹ́nu, ó bojú wo ilẹ̀. Ìyá náà kò dúró dè é. Ó yá ìrẹsì ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ọpọ́n aládùúgbò rẹ̀, ó rìn wá síwájú, ó dà á sórí ẹní tó wà lẹ́sẹ̀ Alhaji.

"Bísímílà. Ẹ gba tèmi, Alhaji. Ẹ̀jẹ́ ni, mi ò fẹ́ kó wà lọ́rùn mi."

Ẹlòmíràn bu tirẹ̀ nínú ọpọ́n kan náà, ó tẹ̀lé e. Ẹlòmíràn tẹ̀lé ìyẹn. Ìlà tí wọ́n ti tò láti gba ìrẹsì, wọn kò tú u ká, wọ́n kàn fi ń fún un ni. Kò sẹ́ni tó bú u. Wọ́n ń fi ọ̀wọ̀ kí i lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ní Ọlọ́run á gbà á, wọ́n ń da ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì sílẹ̀, wọ́n ń kọjá. Àlàó fún un ní tirẹ̀. Alhaji dúró lórí òṣùwọ̀n, ojú tì í débi pé kò rántí pé òun lè sọ̀ kalẹ̀. Nígbẹ̀yìn, Alhaja Ràúdátù na ọwọ́ kí wọ́n fún òun náà ní ẹ̀kúnwọ́ kan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó dà á lé ti àwọn yòókù. Alhaji wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń gbọn eruku ìrẹsì dànù, ó mọ̀ pé àga ti lọ.

Ó lọ lóòótọ́. Wọ́n fi Màdámù Ìyábọ̀dé ṣe adelé, kò sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ìwé àkọ́kọ́ tí ó fọwọ́ sí ni ti oògùn klíníìkì. Ìkejì ni ìsinmi tirẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ Ọ̀mù-Àrán kí yíǹkì tó gbẹ.

Ìrẹsì tí wọ́n dà jọ ńkọ́? Àáfà ní sàárà ni, wọn kò gbọ́dọ̀ dà á nù, àti pé ẹ̀jẹ́ àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́rùn Alhaji. Hàlímọ̀tù kó o mọ́ ti inú àpò ọjọ́ sàárà, ó gbé àpò náà sí kọ̀rọ̀ pálọ̀, síbi tí àwòrán oyè dókítà máa ń wà. Kò fi ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn ń bù ún ní oúnjẹ díẹ̀, ó sì ń bá a rìn láàárọ̀, ọjọ́ tí inú Alhaji bá bàjẹ́ jù ni ó máa ń di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà tí okùn ṣòkòtò kọ́kọ́ kan ara wọn, tí ó tún ṣẹ́ kù díẹ̀ láti fi ta kókó, Hàlímọ̀tù bu ìrẹsì kóńgò kan sínú ọ̀rá, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

Alhaji fi ẹsẹ̀ rìn láti Basin. Ó sinmi lójú ọ̀nà, ó tún gbéra. Nígbà tí ó dé Ìpàta, òógùn ti rin ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń nù ún fún un. Ó gbé ọ̀rá náà fún ìyá oníbàbà.

Ìyá gbà á, ó fọwọ́ wọ̀n ọ́n wò. "Kálórì mélòó lẹ jó dé ibí, Alhaji?"

"Mi ò mọ̀, Ìyá," ni ó wí. "Ó kàn rẹ̀ mí."

Ìyá wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó wá sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Alhaji jókòó. Ó gba àyè díẹ̀ níbẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀.